Síkéèlì oní-gíláàsì fún wíwọn ara: bí mo ṣe ń lò ó nílé wa ní Ilé-Ifẹ̀

Àwọn tó ń bi mí pé kí ni mo lò tí ara mi fi fúyẹ́, èsì mi kì í tẹ́ wọn lọ́rùn. Kì í ṣe àgbo, kì í sì í ṣe tíì tó ń múni rù. Síkéèlì oní-gíláàsì kan ni mo rà ní Sábó, mo sì fi téèpù àwọn télọ̀ kún un. Nọ́ọ̀sì tó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ló ní ó ti ń ga, kí n tètè wá nǹkan ṣe sí sísanra mi. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn èṣí ni mo ti ń lò ó, tí mo bá sì ní ó dáa, mo mọ ohun tí mo ń sọ.

Gíláàsì rẹ̀ nípọn, ó sì ní ẹsẹ̀ mẹ́rin lábẹ́. Inú ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn ni ohun tó ń mọ ìwúwo wà, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó wà lórí ẹní tàbí kápẹ́ẹ̀tì. Orí sìmẹ́ǹtì tàbí táìlì ni kí ẹ gbé e sí, ojú kan náà nígbà gbogbo. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń yí kìlógíráàmù padà sí pọ́n-ùn. Bí ọmọdé bá tẹ̀ ẹ́, 80 á di 176, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà.

Ohun tí ìwé inú páálí kò sọ ni pé ìwúwo ara kì í dúró sójú kan. Iyọ̀ ń dá omi dúró sára. Iyán, ẹ̀bà àti ìrẹsì tí a ń jẹ ńkọ́? Ara máa ń tọ́jú díẹ̀ lára agbára wọn sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, gíráàmù kan rẹ̀ sì ń fa omi bíi gíráàmù mẹ́ta mọ́ra. Nítorí náà, bí ẹ bá ti òde ìnáwó dé lálẹ́ Sátidé, iye tí ẹ máa rí láàárọ̀ ọjọ́ kejì lè fi kìlógíráàmù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga sí i. Ọ̀rá kọ́ nìyẹn, omi ni, kò ní pẹ́ lọ. Obìnrin kan tí a jọ máa ń rìn láàárọ̀ lójú ọ̀nà tó wọ inú ọgbà OAU fẹ́ torí èyí pa gbogbo rẹ̀ tì, torí ojoojúmọ́ ló ń gorí tirẹ̀. Ọjọ́rú nìkan ni tèmi, ní kùtùkùtù, lẹ́yìn tí mo bá ti tọ̀, kí n tó fi nǹkan kan sẹ́nu. Ara kàlẹ́ńdà ìjọ ni mo ń kọ ọ́ sí, oṣù sí oṣù ni mo sì fi ń wò ó.

Ibi tó ti gbè mí jù lọ ni ẹnu àwọn èèyàn. Ẹ mọ ìlú wa: kéèyàn rù díẹ̀, wọ́n á ní, "Ṣé kò sí o? Ojú yín ti wọlé." Ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Mọdákẹ́kẹ́, wọ́n wò mí sókè, wọ́n wò mí sílẹ̀, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, kí ló ń ṣe ọ́? Àbí ọkọ ẹ kì í fún ọ lówó oúnjẹ ni?" Àánú mi ló ṣe wọ́n. Mo kúnlẹ̀, mo mú kàlẹ́ńdà wá, mo mú káàdì ọsibítù tí wọ́n ń kọ ìfúnpá mi sí, mo fi bí méjèèjì ṣe jọ ń wálẹ̀ hàn wọ́n. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní kí n gbé síkéèlì ọ̀hún wá, kí àwọn náà gorí ẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá lọ kí wọn, iyán kékeré ni wọ́n ń bù fún mi, ẹ̀fọ́ á wá kún àwo. Ká ní mi ò ní nǹkan tí mo lè tọ́ka sí ni, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ìbá ti mú kí n padà sídìí òkèlè ńláńlá.

Ẹ má fi síkéèlì nìkan mọ. Ìgbà kan wà tí iye rẹ̀ kò yẹsẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, síbẹ̀ téèpù ń fi hàn pé ikùn mi ń dín. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé bí yíká ikùn obìnrin bá ti kọjá 80 sẹ̀ǹtímítà, ewu àìsàn ń pọ̀ sí i. 94 ni ti ọkùnrin. Àwọn náà ló ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú kéèyàn mí kíákíá díẹ̀, bí ìrìn ayára. Ọjọ́ márùn-ún, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ kan, ó pé nìyẹn.

Oríṣi síkéèlì kan wà tó wọ́n jù, tó ní òun ń ka ọ̀rá ara. Mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Iná mànàmáná kékeré ló ń fi gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, bí omi ara bá sì ti yàtọ̀, iye rẹ̀ á yàtọ̀. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ sí láyà nítorí ọkàn kò gbọ́dọ̀ gorí ẹ̀ rárá, aláboyún náà kò sì gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ọlọ́jà gbé àpò ìrẹsì oní-10 kìlógíráàmù lé e lẹ́ẹ̀mẹta. Bí iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá bára mu, ẹ ní kó mú òmíràn wá.