Àpótí tí mò ń kó ojú-awò tẹlisíkóòpù mi sí, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ní Ìbàdàn

Ojú-awò mílímítà 25 mi ni mo kọ́kọ́ pàdánù. Kò já bọ́, kò fọ́, kò sí ẹni tó jí i. Inú àpótí tí mo fi pamọ́ sí ló ti bàjẹ́. Alẹ́ ọjọ́ kan lóṣù Kẹsàn-án ni, òjò ti dá, ojú ọ̀run mọ́ kedere, mo fẹ́ fi òṣùpá mẹ́rin Júpítà han àwọn ọmọ kíláàsì mi tó wá sílé. Ìmọ́lẹ̀ Júpítà kàn fọ́n káàkiri bí iná mọ́tò nínú kùrukùru. Mo nu ojú-awò náà, kò yí padà. Mo yọ ọ́, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí dígí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ni mo bá rí i: okùn funfun tín-ín-rín, tó pẹ̀ka bí òwú aláǹtakùn láti etí dígí wọ àárín. Ó ti bu, bí búrẹ́dì ṣe ń bu.

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá ṣàjèjì sí, ojú-awò ni páìpù kékeré onídígí tí a ń fi sí ibi tí ojú ń gbà wo inú tẹlisíkóòpù. Tẹlisíkóòpù ló ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, ojú-awò ló ń pinnu bí ohun tí à ń wò yóò ṣe tóbi tó. Tèmi jẹ́ oní-íǹṣì 8, ìyẹn bí dígí ńlá rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, mílímítà 1200 sì ni ìmọ́lẹ̀ ń rìn kó tó pàdé lójú kan. Nọ́ńbà ojú-awò ni a fi ń pín 1200 yẹn: bí mo bá fi ojú-awò 25 sí i, nǹkan á tóbi ní ìlọ́po 48. Bí mo bá fi 10 sí i, ó di ìlọ́po 120. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í ní ẹyọ kan. Wọ́n á di mẹ́ta, wọ́n á di mẹ́fà, kí ẹ tó mọ̀, owó tó wà nínú wọn ti ju owó tẹlisíkóòpù fúnra rẹ̀ lọ.

Àpótí tí mo kọ́kọ́ lò, ọjà ni mo ti rà á. Ó ń dán bí fàdákà, ó wuyì lójú. Fómù dúdú ló kún inú rẹ̀, ó rọ̀ bí èyí tí a fi ń fọ abọ́, fómù yẹn gan-an ló sì ṣe mí lọ́ṣẹ́. Gbogbo ihò inú irú fómù bẹ́ẹ̀ ló ṣí sí ara wọn, torí náà ọ̀rinrin á wọlé, á sì jókòó síbẹ̀. Polyurethane ni wọ́n fi ń ṣe é, omi inú afẹ́fẹ́ sì máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi rí òjò ọdún kejì, ó ti ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ó ń rún wẹ́wẹ́, ó sì ń fi ìdọ̀tí dúdú sára páìpù àwọn ojú-awò.

Ẹni tó ń gbé Ìbàdàn mọ bí afẹ́fẹ́ wa ṣe ń rí láàárín oṣù Kẹfà sí Kẹsàn-án. Lóru, ọ̀rinrin rẹ̀ máa ń ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ohun tí fungus, ìyẹn èbu tó ń jẹ dígí, ń wá kò sì ju mẹ́ta lọ: ọ̀rinrin tó ju nǹkan bí ìdá 70 lọ, òkùnkùn, àti afẹ́fẹ́ tí kò rìn. Mo ti fún un ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìmọ̀. Bó bá wá pẹ́ lójú dígí, omi kíkan tó ń tú jáde lára rẹ̀ á jẹ ọ̀dà tín-ín-rín tí wọ́n fi bo dígí náà. Ẹ lè nu fungus kúrò, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ kò ní lọ. Bí ti 25 mi ṣe rí dòní nìyẹn.

Àwọn tó ń ra àpótí ní ilẹ̀ gbígbẹ, ìṣubú ni wọ́n kọ́kọ́ ń rò. Àwa tí à ń gbé ibi tí òjò ti ń rọ̀ fún oṣù méje, ọ̀rinrin ló yẹ kí a kọ́kọ́ rò.

Kí n tó ra òmíràn, mo kó gbogbo ojú-awò mi sórí tábìlì, mo dé wọn lókè dé wọn nísàlẹ̀, mo sì fi rúlà wọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fo èyí. Ìwọ̀n méjì ló wọ́pọ̀ fún ẹsẹ̀ ojú-awò, ìyẹn apá tó ń wọ inú tẹlisíkóòpù: íǹṣì 1.25 àti íǹṣì 2, àwọn oní-íǹṣì 2 sì lè sanra bí agolo mílíìkì. Mo ní mẹ́rin kéékèèké, mo ní ńlá méjì, mo tún ní Barlow, páìpù onídígí àfikún tó ń sọ bí nǹkan ṣe tóbi di ìlọ́po méjì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró lóòró nínú àpótí bí gíga rẹ̀ bá gbà á, ọwọ́ á tètè mú wọn nínú òkùnkùn, àyè á sì ṣẹ́ kù. Ọ̀kan ṣoṣo ni tèmi tó ń sùn.

Àpótí tí ilé iṣẹ́ Pelican ń ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní 1450, ni mo rà. Àbúrò mi tó ń gbé ní Houston ló bá mi gbé e wá nígbà Kérésìmesì, aṣọ àwọn ọmọ ló kún inú rẹ̀ nígbà tó dé. California ni wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ yìí sílẹ̀ lọ́dún 1976. Ní Yúróòpù, Peli ni wọ́n ń pè é. Inú àpótí náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ sẹ̀ńtímítà 37 ní gígùn, 26 ní fífẹ̀, 15 ní jíjìn pẹ̀lú ìdérí. Òrùka rọ́bà kan yí etí rẹ̀ ká, tí ẹ bá ti ìdè méjèèjì, rọ́bà yẹn ló ń fún un pa. IP67 ni wọ́n kọ sí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé eruku kò lè wọ̀ ọ́ rárá, bó bá sì wà nínú omi tó jìn tó mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, omi kò ní wọ̀ ọ́. Ihò kékeré kan tún wà lára rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ lè gbà ṣùgbọ́n tí omi kò lè gbà. Láìsí i, àpótí tó dí pa tó sì wọ bàálù lè ṣòro ṣí nígbà tó bá balẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, nígbà tí eruku bá gba gbogbo ilé, mo máa ń fi ìka nu etí inú rẹ̀. Ìka mi máa ń mọ́.

Ó bá fómù tó ṣeé já ní kúbù-kúbù wá. Ẹ ó fi ìka já a títí ihò yóò fi bá ohun tí ẹ fẹ́ fi síbẹ̀ mu. Ó rọrùn, iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Ṣùgbọ́n irú fómù tó ṣí sí ara rẹ̀ náà ni, mo sì ti jẹ ìyà irú rẹ̀ rí, torí náà mo kó o kúrò. Ohun tí mo fi rọ́pò rẹ̀ ni ìwé EVA, fómù pẹlẹbẹ tí àwọn aránbàtà ń gé ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì. Ihò inú tirẹ̀ dí lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í fa omi. Ẹ rò ó wò, sílípáàsì tó bá wọ odò, ẹ nù ún, ó gbẹ. Mo to ìwé mẹ́rin léra. Agolo tòmátò kékeré ṣe wẹ́kú ẹsẹ̀ íǹṣì 2, mo pọ́n etí rẹ̀ lára òkúta, mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń yí i, títí ó fi gé EVA yípo tónítóní bí ẹni gé àkàrà òyìnbó. Fún àwọn kéékèèké, páìpù omi ni mo pọ́n. Mo fi gọ́ọ̀mù aránbàtà lẹ̀ wọ́n pọ̀, mo sì fi gbogbo rẹ̀ síta nínú afẹ́fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí òórùn gọ́ọ̀mù tán pátápátá. Ẹ má kánjú níbẹ̀ o, èéfín gọ́ọ̀mù tó bá wà nínú àpótí tó dí lè lẹ̀ mọ́ dígí.

Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, mo wo òṣùpá títí di aago kan òru lórí dẹ́ẹ̀kì. Ìrì ti sẹ̀ sára gbogbo nǹkan. Mo dé àwọn ojú-awò, mo kó wọn sínú àpótí, mo ti ìdè, mo lọ sùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì tí mo ṣí i, òòrùn ti mú inú yàrá gbóná, ojú gbogbo dígí funfun fún oru omi, omi sì ń sẹ̀ nínú ìdérí wọn. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ̀ ọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi ti alángbá mọ́nú kí n tó dí ògiri. Àpótí tí omi kò lè wọ̀, omi tó bá ti wà nínú rẹ̀ kò lè jáde níbẹ̀. Bí mo bá gbàgbé rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan, ì bá burú ju àpótí àkọ́kọ́ lọ.

Látìgbà náà, mi ò ti ìdè lóru mọ́. Bí mo bá parí wíwò, mo máa ń gbé àpótí wọlé ní ṣíṣí, mo ń ṣí àwọn ìdérí ojú-awò, mo ń da aṣọ fífúyẹ́ bò wọ́n nítorí eruku, mo sì ń tan fáànù sí ẹ̀gbẹ́ kan, kì í ṣe sí ojú wọn. Bí kò bá sí iná, wọ́n á wà bẹ́ẹ̀ títí ọ̀sán. Ìgbà tí gbogbo wọn bá gbẹ ni mo tó ń dé wọn, tí mo ń ti àpótí.

Sílíkà jẹ́ẹ̀lì, hóró tó ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, ni ó kù. Àpò kékeré inú bàtà tuntun kò lè ṣe é, ó ti mu omi yó kó tó dé ọwọ́ yín. Mo ra oníhóró aláwọ̀ ọsàn, irú èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà bó bá yó. Gíráàmù 100 ni mo dì sínú aṣọ òwú, mo sì gé ihò fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ Barlow. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti yí, mo máa ń yan án lórí iná tó rọra títí àwọ̀ ọsàn yóò fi padà. Páànù rẹ̀ wà lọ́tọ̀, a kì í fi se oúnjẹ. Ẹ má ra aláwọ̀ búlúù tó ń di pínkì, kọ́báàtì inú rẹ̀ kò dára fún ara. Ẹ má sì da ìrẹsì sí i bí wọ́n ṣe ń ṣe fún fóònù, ìyẹ̀fun rẹ̀ á kún ojú dígí. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ọ̀rinrin wà nínú ìdérí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi síbẹ̀, ó ka 78. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì pẹ̀lú sílíkà, ó ka 46. Láàárín 40 sí 50 ni mo ń fẹ́ kó wà.

Ní ti ìṣubú, mo ní ẹ̀rí kan. A ń lọ Ìsẹ́yìn, níbi tí òkùnkùn ti ju ti Ìbàdàn lọ, kòtò kan gbọn bútù ọkọ̀ ṣí, àpótí sì já sílẹ̀. Ara rẹ̀ ha níbi igun. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fi 10 wo Àgùàlà tó wà lẹ́bàá òṣùpá, ó hàn bí òṣùpá kékeré tí a gé lápá kan, etí rẹ̀ mú bí abẹ. Kò sí ojú-awò tó yẹ̀ kúrò ní ihò rẹ̀.

Ó wúwo, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó fi ohunkóhun sí i, ó ti tó bíi kílò mẹ́ta, ojú-awò ńlá kan ṣoṣo sì lè tó kílò kan. Bí ẹ bá ń fẹsẹ̀ gun òkè lọ wo ìràwọ̀, Pelican 1400 tó kéré sí i ló yẹ yín. Bí ẹ bá sì mọ̀ pé ẹ ṣì máa ra oní-íǹṣì 2 kún un, 1500 ni kí ẹ rà báyìí. Mo kábàámọ̀ èyí, tèmi ti kún.

Ẹni tó ní méjì tàbí mẹ́ta kò nílò gbogbo èyí. Ike oúnjẹ onírọ́bà létí, tí wọ́n ń tà níbi tí wọ́n ti ń ta abọ́, ìwé EVA kan, sílíkà gíráàmù 50, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún ọmọ kíláàsì mi kan tó ra tẹlisíkóòpù àlòkù lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí a ṣí i lóṣù Kẹjọ, mo fi tọ́ọ̀ṣì yẹ dígí méjèèjì wò láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n mọ́ gaara.