Àgbéyẹ̀wò Iná LED Gbọọrọ fún Iwájú Ọkọ̀: Iná Náà Dára, Wáyà Inú Páálí Rẹ̀ Ni Ewu

Ọjà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni iná LED gbọọrọ tí àwọn awakọ̀ máa ń dè mọ́ bọ́ńpà iwájú, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ Àràròmí ní Agodi Gate, n'Ìbàdàn, àti ní Ládípọ̀ l'Ékòó. Inú páálí kan náà ni wọ́n máa ń kó iná, wáyà, rìléè (ẹ̀rọ kékeré tí súìṣì fi ń ṣí iná ńlá), fíúsì àti súìṣì rẹ̀ sí, kí ẹni tó bá rà á lè gbé e tààrà lọ sọ́dọ̀ réwáyà. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, nítorí pé abẹ́ oríṣiríṣi orúkọ ni irú páálí yìí ń gbà wọlé, wáyà kan náà ló sì máa ń wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Láti ìgbà òjò tó kọjá ni mo ti ń lò ó lára Toyota Corolla ọdún 2005 kan. Olùkọ́ físíìsì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà mo ní mítà nílé, mo sì mọ bí a ṣe ń lò ó. Ohun tí mo kọ síbí yìí, ojú mi ló rí i, mítà náà ló sì sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún iná náà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Oko wa wà lẹ́yìn Ìkirè, òru sì máa ń bá wa lọ́nà nígbà tí a bá ń bọ̀. Láàárín Ìkirè sí Aṣéjíré, kò sí iná ojú pópó kankan, tírélà tó bàjẹ́ sì lè dúró sí àárín ọ̀nà láìsí àmì lẹ́yìn rẹ̀. Iná iwájú tí ọkọ̀ náà gbé wá láti ilé-iṣẹ́ ti di bàìbàì, kò lè la òkùnkùn bẹ́ẹ̀. Iná LED yìí ń fi koríko ẹ̀bá ọ̀nà méjèèjì hàn, ó ń fi kòtò hàn kí táyà tó débẹ̀, omi òjò kò sì wọ inú rẹ̀ rí. Kìkì pé ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ pa á ní kété tí ó bá rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú, nítorí pé ó ń fọ́ni lójú gidigidi.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Wọ́n kọ ọ́ pé wáàtì 300 ni iná náà. Bí òótọ́ bá ni, a jẹ́ pé lórí bátìrì fọ́ọ̀tì 12, áńpíà 25 ni yóò máa gbà (áńpíà ni ìwọ̀n ìṣàn iná), kò sì sí bí irin tín-ín-rín tó wà nínú wáyà páálí náà ṣe lè gbé áńpíà 25 kí ó má jó. Mo fi mítà wọ̀n ọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: áńpíà 7 ló ń gbà. Nídìí bátìrì, mo rí fọ́ọ̀tì 13.9, nídìí iná fúnra rẹ̀, mo rí 11.6. Nítorí náà, ohun tí iná náà ń lò gan-an kò ju nǹkan bí wáàtì 81 lọ. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí pé wáàtì kò pé, nítorí pé irọ́ orí páálí ti mọ́ wa lára, wáàtì 81 náà sì tó mi lò. Fọ́ọ̀tì 2.3 tó sọnù lójú ọ̀nà ni kí a bi ara wa léèrè ibi tó lọ. Kò lọ sí ibòmíràn ju inú wáyà àti àwọn oríkèé rẹ̀: fọ́ọ̀tì 2.3 ní ìlọ́po áńpíà 7, wáàtì 16 ni, ooru gidi sì ni gbogbo rẹ̀, tó ń jáde lára wáyà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ẹ́ńjìnnì ti mú gbóná tẹ́lẹ̀.

Mo mú mítà jáde nítorí pé òórùn rọ́bà tí iná ń rá ti ń gba ihò afẹ́fẹ́ wọ inú ọkọ̀, ìgbà tí mo bá tan iná LED náà nìkan ni mo sì ń gbọ́ ọ. Mo gbé ọkọ̀ lọ bá réwáyà mi, ọmọkùnrin kan tó ní sùúrù, tí kì í kánjú gé wáyà. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tọ wáyà náà láti orí bátìrì, nígbà tó sì dé ibi tí wọ́n fi fíúsì sí, ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ wá wò ó. Fíúsì ò já o, ilé ẹ̀ ló yọ́.” Bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Ike dúdú tó di fíúsì mú ti rọ̀, ó ti wó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ fíúsì kan ti di aláwọ̀ aró bí irin tí a yan, àwọ̀ pupa ara wáyà tó wọ inú rẹ̀ sì ti di kọfí. Síbẹ̀, irin tín-ín-rín tó wà láàárín fíúsì náà wà ní odindi.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á dúró díẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ awakọ̀ gbà pé níwọ̀n ìgbà tí fíúsì bá ti wà, ọkọ̀ kò lè jóná. Ohun kan ṣoṣo ni fíúsì mọ̀, ìyẹn bí ìṣàn iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ṣe pọ̀ tó. Bí ibi tí irin méjì ti fara kan ara wọn bá tú, tàbí tí ó dípẹtà, ìṣàn iná kì í pọ̀ sí i níbẹ̀ débi tí fíúsì yóò fi já, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ ń dín kù. Ooru ló ń pọ̀ sí i, ojú kan bí orí ìka ló sì máa ń kóra jọ sí. Ilé fíúsì tèmi kò di ẹsẹ̀ fíúsì mú dáadáa láti ilé-iṣẹ́ wá, gbígbọ̀n ọkọ̀ lórí ọ̀nà wa sì tún tú u sí i. Fíúsì kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú áńpíà 7, nígbà tí ilé rẹ̀ ń yọ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀bi tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ìwọ̀n fíúsì ọ̀hún. Áńpíà 30 ni wọ́n fi sí i. Iṣẹ́ fíúsì ni pé kí ó kú kí wáyà tó kú, ṣùgbọ́n wáyà inú páálí yìí yóò ti gbóná débi tí rọ́bà rẹ̀ yóò máa yọ́ kí áńpíà tó pé 30. Fíúsì áńpíà 15 ì bá tó fún iná tó ń gba 7. Wọ́n tún gbé ilé fíúsì náà jìnnà sí orí bátìrì ju apá kan lọ, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fíúsì kò ní olùṣọ́ kankan. Bátìrì ọkọ̀ lè tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún áńpíà jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí irin ara ọkọ̀ bá gé rọ́bà wáyà náà níbẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni yóò fi pọ́n bí ojú irin alágbẹ̀dẹ.

Ọmọ náà mú abẹ, ó ha ojú wáyà díẹ̀. Òde rẹ̀ pupa bíi bàbà, inú rẹ̀ funfun. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lásán ni, agbára rẹ̀ láti gbé iná sì lé díẹ̀ ní ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ti bàbà gidi. Wọ́n tún ṣe rọ́bà rẹ̀ nípọn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá kàn fọwọ́ mú un yóò rò pé wáyà tó sanra ni, nígbà tí irin inú rẹ̀ kò nípọn tó wáyà ṣájà fóònù kan tí mo ní nílé. Ohun mìíràn tí kò hàn sí ojú ni pé àárín fọ́ọ̀tì 10 sí 30 ni wọ́n ṣe iná LED báyìí fún: bí fọ́ọ̀tì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bá dín kù, áńpíà tó ń fà á máa pọ̀ sí i kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má bàa rẹ̀wẹ̀sì. Nítorí náà, wáyà tí kò dára ń dín fọ́ọ̀tì kù, iná ń fa áńpíà sí i, wáyà ń gbóná sí i, awakọ̀ kò sì rí ìyàtọ̀ kankan nínú ìmọ́lẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé bí a bá ti pa ọkọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Orí bátìrì tààrà ni wáyà yìí ti ń gba iná, kì í ṣe láti ìdí kọ́kọ́rọ́, nítorí náà iná wà nínú rẹ̀ títí dé ẹnu rìléè lọ́sàn-án àti lóru, ìbáà ṣe pé ọkọ̀ wà nínú gáréèjì ilé. Èyí ló mú kí n sọ fún ọmọ náà pé kí ó má ṣe dá wáyà náà padà, bó ti wù kí ó tún un ṣe tó.

Ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀ kò le. A ra wáyà bàbà gidi, 2.5 mm, èyí tó ní ọ̀pọ̀ irun nínú; kì í ṣe oníhun kan líle tí wọ́n ń fà sí ara ògiri ilé, nítorí pé gbígbọ̀n ọkọ̀ á ṣẹ́ ìyẹn. A fi fíúsì áńpíà 15 sínú ilé tó ní ìdérí, ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí orí bátìrì. A lo rìléè tuntun, ẹsẹ̀ 30 lọ sọ́dọ̀ fíúsì, 87 lọ sọ́dọ̀ iná, 85 àti 86 fún súìṣì àti ilẹ̀ (ìyẹn irin ara ọkọ̀). A ha ọ̀dà kúrò lára irin kí a tó de wáyà ilẹ̀ mọ́ ọn. Ó fi ẹ̀mú tẹ gbogbo oríkèé, ó sì fi òjé jó wọn, kò lọ́ wáyà mọ́ra kí ó wá fi téèpù wé e, nítorí pé gọ́ọ̀mù téèpù máa ń yọ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, téèpù á sì tú. Ó ki gbogbo rẹ̀ bọ inú ọ̀pá rọ́bà, ó sì gbé e gba ọ̀nà tó jìnnà sí ẹ́kísọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo tún un wọ̀n, fọ́ọ̀tì 13.6 ló dé ìdí iná, áńpíà sì ti lọ sílẹ̀ sí 6. Owó gbogbo èyí kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí mo fi ra iná náà.

Àwọn kan bi mí bóyá kí wọ́n kúkú lo gílóòbù wáàtì 100 dípò 60 tí ó wà nínú iná iwájú wọn. Èrò tèmi ni pé ìyẹn tún burú jù, nítorí pé wáyà ilé-iṣẹ́ ni yóò jìyà rẹ̀: áńpíà kúrò ní 5, ó di 8 lé díẹ̀, ooru inú wáyà sì sún mọ́ ìlọ́po mẹ́ta, kí a tó wá sọ ti ike tí gílóòbù jókòó lé. Gílóòbù xénọ́ọ̀nù tí wọ́n ń rọ́ sínú iná tí kì í ṣe tirẹ̀ ń fi ohun tó ju 20,000 fọ́ọ̀tì lọ tanná nígbà tí a bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò bá mọ bí yóò ṣe bo oríkèé rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ omi, kí ó fi í sílẹ̀.

Ẹni tó bá ti so irú iná yìí mọ́ ọkọ̀, kí ó tàn án fún nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí, kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó sì fi ìka kan ara wáyà, ilé fíúsì àti ìdí rìléè. Ibi tí ìka kò bá lè gbé, ibẹ̀ ni kí réwáyà ti bẹ̀rẹ̀. Bí òórùn bá dé lójú ọ̀nà, ẹ pa iná àti ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo ènìyàn sọ̀ kalẹ̀, bí kò bá sì tíì sí èéfín, kí ẹ fi sípánà 10 tú orí bátìrì ti òdì (èyí tó ní àmì −). Bí èéfín bá ti ń jáde, ẹ má ṣe gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè gbàgà, nítorí pé afẹ́fẹ́ ni iná ń wá; ìwọ̀nba tí ẹnu apaná oníyẹ̀ẹ̀fun yóò gbà wọlé ni kí ẹ ṣí i. Ọ̀pọ̀ nínú wa ra apaná yìí kí Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó má bàa dá wa dúró, a sì sọ ọ́ sínú búùtù lábẹ́ ẹrù. Abẹ́ ìjókòó awakọ̀ ni ààyè rẹ̀.

Ní ti máàkì, iná náà gba 8 nínú 10 lọ́wọ́ mi, wáyà rẹ̀ gba òdo. Mo padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi, mo gbé ilé fíúsì tó yọ́ ka orí káńtà rẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, Màmá, bí wọ́n ṣe ń kó o wá fún wa nìyẹn.” Kò dá owó kankan padà, ṣùgbọ́n ó jẹ́wọ́ pé òun máa ń ta iná náà láìsí wáyà fún àwọn réwáyà tó mọ̀, owó rẹ̀ sì máa ń dín kù. Ẹ béèrè fún un bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ tiyín. Wọn kì í sọ ọ́ fún ẹni tí kò bá béèrè.