Ddrescue: ohun tó kó fáìlì mi yọ kí hard drive tó kú

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí mò ń lò ti pé ọdún 11. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìṣẹ́jú 10 kó tó ṣí, mo ní ogbó ló ń dà á láàmú. Àfi ìgbà tí mo gbọ́ ọ nínú àpótí rẹ̀: tọ̀, tọ̀, tọ̀, bí ẹni ń fi èékánná kan páànù. Gbogbo nǹkan á dúró gbagidi, á tún máa lọ.

CrystalDiskInfo, irinṣẹ́ Windows tó ń sọ bí ìlera díráìfù ṣe rí, ni mo kọ́kọ́ fi yẹ hard drive náà wò. Àwọ̀ yẹ́lò ló gbé jáde, ó kọ Caution. C7, tó ń ka ìgbà tí dátà ń bàjẹ́ lójú wáyà, ti lọ sókè gan-an. C5, ìyẹn àwọn sẹ́kítọ̀ (ègé kéékèèké tí dátà ń wà) tí díráìfù kò rí kà dáadáa, wà ní 30. Ẹ fura o! Hex (òǹkà onímẹ́rìndínlógún) ni irinṣẹ́ yìí fi ń kọ nọ́ńbà tẹ́ ò bá yí i padà, 48 ni 30 yẹn. Mo pààrọ̀ wáyà SATA tó so díráìfù mọ́ kọ̀ǹpútà, C7 kò sì gòkè mọ́ (kì í padà sí òdo, kó ṣáà ti dúró lójú kan). Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, C5 tún ti gòkè sí i. Àṣé àìsàn méjì ló ń bá mi fínra.

Díẹ̀ ló kù kí n tẹ chkdsk /r, àṣẹ Windows tó ń wá ibi tó bàjẹ́ lórí díráìfù. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo dáwọ́ dúró, torí ṣe ló máa ka díráìfù látòkè délẹ̀, á tún máa kọ nǹkan sí i. Ta ló ń ní kí aláìsàn tí kò lè mí máa sáré?

Ddrescue ni mo wá lò, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó ń da ohun tó wà lórí díráìfù tó ń kú kọ sórí òmíràn. Linux orí fúláàṣì ni mo ti lò ó, kí Windows má bàa fọwọ́ kan díráìfù náà rárá (sda ni díráìfù àtijọ́, sdb ni tuntun):

ddrescue -f -n /dev/sda /dev/sdb mapfile

Ibi tó rọrùn ló kọ́kọ́ ń kó. Tó bá kan ibi tó bàjẹ́, á fò ó, á ṣẹ̀ṣẹ̀ padà síbẹ̀ tó bá yá. Mapfile yẹn gan-an ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ń kọ ibi tó bá iṣẹ́ dé sí. Ní wákàtí kẹta, díráìfù náà pòórá lójú ẹ̀rọ. Mo pa á, mo jẹ́ kó tutù, mo tún àṣẹ kan náà tẹ̀. Ibi tó dúró sí gẹ́lẹ́ ló ti mú un. Lẹ́yìn náà ni mo fi -d -r3 gbìyànjú àwọn ibi tó ṣẹ́kù.

Ohun tí mi ò fẹ́ ni pé kò sí bọ́tìnnì kankan, àṣẹ lẹ ó máa tẹ̀. Ẹni tó bá ṣi sda mú fún sdb, òfìfo ló máa dà lé fáìlì ara rẹ̀ lórí, -f kò sì ní bi í léèrè. Èmi fi lsblk, àṣẹ Linux tó ń to àwọn díráìfù lẹ́sẹẹsẹ, wo ìwọ̀n wọn, 500 GB ni ti àtijọ́, 1 TB ni tuntun, mo kọ ọ́ sórí bébà kí n tó tẹ ohunkóhun. Bí ẹ̀rọ kò bá sì rí díráìfù yín rárá mọ́, ddrescue kò lè ṣe nǹkan kan sí i, àwọn tó ń tú díráìfù palẹ̀ ló kù.

Fọ́tò mẹ́ta ló dé pẹ̀lú ìsàlẹ̀ tó ti di aláwọ̀ eérú. Ìyókù pé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tún fún díráìfù àtijọ́ náà níná: tọ̀, tọ̀, tọ̀ nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀.