Ọdún Méjì Pẹ̀lú Alágbàtà Ẹrù Kan ní Texas: Àyẹ̀wò Láti Ọwọ́ Awakọ̀ Réfà

Ata tàtàṣé ni mo fi kọ́kọ́ mọ irú èèyàn tí àwọn alágbàtà tó ń wá ẹrù fún mi gbé jẹ́. Mo wà ní Pharr, ní ìpẹ̀kun gúúsù ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí irè oko láti Mexico ti ń gba orí afárá wọ Amẹ́ríkà, mo sì ti fi ẹ̀yìn tírélà mi ti ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́rù tútù kan láti ìrọ̀lẹ́. Ìwé àdéhùn owó ẹrù tí alágbàtà náà fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi sọ pé kí n fi ẹ̀rọ tó ń mú inú tírélà tutù sí dígírì 34 ní ìwọ̀n Fahrenheit. Ìwé ẹrù tí akọ̀wé ibẹ̀ ní kí n fọwọ́ sí sọ pé 45. Ẹni tí kò bá sí nínú iṣẹ́ yìí lè béèrè pé kí ni dígírì 11 já mọ́. Tàtàṣé tí òtútù bá ti mú jù kì í fi hàn lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni ihò wẹ́wẹ́ yóò máa yọ lára rẹ̀, tí yóò sì máa rọ̀. Nígbà náà ó ti dé orí àtẹ, wọ́n á sì wá awakọ̀ tó gbé e kàn.

Agogo mẹ́wàá alẹ́ ku ogún ìṣẹ́jú ni mo pe ọ́fíìsì alágbàtà náà. Èèyàn ló gbé fóònù, kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń ní kí n tẹ oókan tàbí eéjì. Ó ní kí n má tíì gbéra, ó yẹ ìwé rẹ̀ wò, ó sì sọ fún mi láìfi bò pé àwọn ni wọ́n ṣàṣìṣe: ẹnìkan ti da nọ́ńbà ẹrù sitirọ́bẹ́rì ti ọjọ́ tó ṣáájú kọ sórí tèmi. Kò tó ìṣẹ́jú 15 tí ìwé tuntun fi dé, 45 ni wọ́n kọ sí i, wọ́n sì kọ ọ́ pé kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ láìdákẹ́ títí ẹrù yóò fi délé. Mo ti bá àwọn alágbàtà ṣiṣẹ́ tó jẹ́ pé ohun tí wọn ì bá sọ ni pé "Máa lọ, kò séwu," tí wọn kò sì ní kọ ohunkóhun sílẹ̀. Bí ẹrù bá wá bàjẹ́, ọ̀rọ̀ orí fóònù kò ṣe é gbé lọ síwájú ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Mo ki tẹmomítà bọ inú tàtàṣé mẹ́ta láti inú páálí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó kà 46, 45 àti 47, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì kọrí sí Georgia.

Houston ni mò ń gbé. Ọkọ̀ kan péré ni mo ní, pẹ̀lú tírélà onífíríìjì kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 53, èyí tí àwa awakọ̀ ń pè ní réfà, orúkọ ara mi ni mo sì fi gba ìwé àṣẹ. Láàárín ọdún méjì, mo ti gbé ẹrù tó lé ní 60 fún alágbàtà tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Mi ò ní dárúkọ wọn, nítorí pé bí mo ṣe ń yìn wọ́n yìí, ẹ̀sùn ń bọ̀ lẹ́yìn.

Alágbàtà ẹrù kò ní ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun kọ́ ló ni ẹrù. Ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹrù, ó ń gbé e fún ẹni tó ní ọkọ̀, owó tó bá ṣẹ́kù láàárín àwọn méjèèjì sì ni tirẹ̀. Ìyẹn ni pé ọwọ́ ẹni tí kò fọwọ́ kan ẹrù rí ni owó mi wà fún odidi oṣù kan. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí alágbàtà kọ̀ọ̀kan fi ìdógò 75,000 dọ́là sílẹ̀ de irú èmi, owó tó jẹ́ pé 10,000 péré ni títí di ọdún 2013. Ẹ má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn tù yín nínú jù. Bí ẹrù kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 3,000 dọ́là, awakọ̀ 25 tí alágbàtà kan bá jẹ lówó ti gbé gbogbo ìdógò náà mì, ẹni tó bá ṣe ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n yóò kàn máa wòran ni. Nítorí náà, kí n tó fọwọ́ sí ìwé kankan, mo wo nọ́ńbà ìwé àṣẹ wọn lórí ìkànnì FMCSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọkọ̀ akẹ́rù, mo sì béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó máa ń ra ìwé owó lọ́wọ́ wa, tí yóò san owó fún wa kíákíá kó tó wá gbà á lọ́wọ́ alágbàtà, bóyá wọ́n gbà láti ra ti alágbàtà yìí. Ìdáhùn àwọn yẹn ni mo gbà gbọ́ jù, torí owó tiwọn ni wọ́n ń fi sí i.

Lórí owó sísan, mi ò rí wí. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n dá, owó sì máa ń wọlé láàárín ọjọ́ 24 sí 27. Ẹni tó bá fẹ́ tirẹ̀ ní ọjọ́ méjì lè gbà kí wọ́n yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe bẹ́ẹ̀, nínú oṣù tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ réfà mi kọṣẹ́.

Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú nípa wọn ni fọ́tò. Wọ́n á ní kí n ya ojú ẹ̀rọ réfà, kí n ya tẹmomítà nínú ẹrù, kí n ya èdìdì ilẹ̀kùn, kí n tún ya orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lára ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi, bí ẹni pé mo jẹ́ olè. Ká sọ òtítọ́, àwa náà kò mọ́ tó bí a ṣe ń wí. Àwọn awakọ̀ kan wà tí wọn yóò yí ẹ̀rọ sí èyí tó ń kú tó ń jí nítorí àtidín owó dísù kù, tí ooru inú tírélà yóò máa lọ sókè sódò bí ìgbì, kí wọ́n tó wá yí i padà nígbà tí wọ́n bá sún mọ́ ibi tí wọn yóò já ẹrù sí. Àwọn kan tún wà tí wọn ò tilẹ̀ lọ́kọ̀: wọ́n á fi nọ́ńbà ẹlòmíràn gba ẹrù, wọ́n á tún un gbé fún awakọ̀ tí kò mọ nǹkan kan, wọ́n á gbowó, wọ́n á sì di àwátì. Alágbàtà tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí kò ní ojú tí yóò fi wo oníbàárà rẹ̀. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti yé mi, mo máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́ kí wọ́n tó béèrè. Òfin ìmọ́tótó nípa gbígbé oúnjẹ, tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2016, náà sọ pé bí ó bá ti wà nínú àdéhùn, ẹni tó gbé ẹrù gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé òun pa òtútù rẹ̀ mọ́ bí ẹni tó gbà á bá béèrè. Fọ́tò wọ̀nyẹn ń ṣiṣẹ́ fún èmi náà.

Ẹ̀sùn mi wá nìyí. Mo gbé adìyẹ dídì lọ sí ilé ìkẹ́rù kan nítòsí Dallas, dígírì 10 lábẹ́ òdo. Agogo mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n dá fún mi, mo sì ti wà lẹ́nu géètì ṣáájú àkókò náà. Agogo mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n tó pè mí wọlé. Wákàtí 9 gbáko, tí réfà ń mu dísù mi, tí òfin wákàtí náà sì ń jẹ mí lẹ́yìn: bí awakọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wákàtí 14 ló ní, kò sì gbọ́dọ̀ wakọ̀ ju 11 lọ nínú rẹ̀, yálà ó jókòó sẹ́nu géètì ni o tàbí ó ń rìn. Àdéhùn wa ni pé wákàtí méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, pé 50 dọ́là ni wọn yóò máa san fún wákàtí kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn náà. Iye tó tọ́ sí mi jẹ́ 350. Wọ́n ní akọ̀wé ilé ìkẹ́rù kò kọ àkókò tí mo dé sórí ìwé, nítorí náà ẹni tó ni ẹrù kò gbà láti san. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun èlò tí wọ́n ní kí n gbé sórí fóònù mi kí wọ́n lè máa ṣọ́ mi ti ń rí mi lójú kan láti àárọ̀ ọjọ́ náà. Ojú rẹ̀ mú kedere nígbà tí mo bá yà mu kọfí ní ìṣẹ́jú 20, ó wá fọ́ lójijì nígbà tí ọ̀rọ̀ kan owó mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti lẹ́tà mẹ́rin, wọ́n san 150.

Èkejì kéré sí ìyẹn lówó, ṣùgbọ́n ó dùn mí jù. Òfin fún èmi tí mo gbé ẹrù ní ẹ̀tọ́ láti wo àkọsílẹ̀ alágbàtà lórí ẹrù náà, kí n rí iye tí oníbàárà san àti iye tó kù sọ́wọ́ rẹ̀. Nínú àdéhùn tí wọ́n fún mi, gbólóhùn kan wà ní ojú ewé tó gbẹ̀yìn tó sọ pé mo yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yẹn. Mo ní kí wọ́n pa á rẹ́, wọ́n kọ̀. Mi ò bínú pé wọ́n ń jèrè. Ẹni tó wá iṣẹ́ wá fún ni, tó sì jí ní òru láti tún ìwé kọ, ó yẹ kó jèrè. Ẹni tó ní kí n ya fọ́tò gbogbo ìgbésẹ̀ mi, tó wá ní kí n má wo ìwé òun, òun ni mo ń bá wí.

Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún wọn nínú márùn-ún, lọ́wọ́ tó le díẹ̀. Ẹni tó ní ọkọ̀ kan tàbí méjì, tó sì ń gbé ohun tútù, kò ní kábàámọ̀ pẹ̀lú wọn, bí ó bá lè rọ akọ̀wé gbogbo ilé ìkẹ́rù láti kọ àkókò sórí ìwé pẹ̀lú ìfọwọ́sí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìwé àdéhùn tuntun dé, mo sì rí ìlà kan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: àkókò tí ohun èlò inú fóònù bá rí ọkọ̀ lẹ́nu géètì yóò dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí fún owó ìdúró. Ìlà nípa àkọsílẹ̀ ṣì wà níbi tó wà. Mo tẹ ìwé náà jáde, mo sì fi sínú ọkọ̀. Pharr ni wọ́n tún ń rán mi lọ ní Ọjọ́bọ̀, tàtàṣé ni, 45.