Ìwé Get a Life, Chloe Brown ni mo fi ń wọn àwọn ìwé ìfẹ́ òde òní

Ohun tó ń tètè mú kí n pa ìwé ìfẹ́ dé ni ìjà tí ìbéèrè kan ṣoṣo lè parí. Ẹ̀yin náà mọ irú rẹ̀: obìnrin rí olólùfẹ́ rẹ̀ níbi tó ti dì mọ́ obìnrin mìíràn, ó bú sẹ́kún, ó pa fóònù, ó wá di ìgbà tí ìwé kù díẹ̀ kó tán ká tó gbọ́ pé àbúrò ọkùnrin náà ni. Àgbàlagbà méjì tí orí wọn pé, ṣé wọn ò lè bi ara wọn pé "Ta nìyẹn?" Inú máa ń bí mi gan-an, torí kì í ṣe ìwà wọn ló dí wọn lẹ́nu. Òǹkọ̀wé ló dí i, kí ojú ìwé lè pọ̀.

Àwọn tí kì í ka ìwé ìfẹ́ máa ń ní, kí ló tún kù níbẹ̀ tí èèyàn ń kà, ṣebí a ti mọ̀ pé wọ́n á fẹ́ra? A mọ̀ ọ́n. Romance Writers of America, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ irú ìwé yìí ní Amẹ́ríkà, tiẹ̀ là á kalẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló gbọ́dọ̀ jẹ́ òpó ìtàn, kí ìparí rẹ̀ sì tẹ́ni lọ́rùn, kó ní ìrètí nínú. Bí mo ṣe mọ̀ pé wọ́n á gúnlẹ̀ síbi tó dáa yẹn ni ọkàn mi fi ń balẹ̀ láti máa wo bí wọ́n ṣe débẹ̀. Kí ló yà wọ́n? Ṣé ohun tó ti wà nínú wọn ni, àbí ohun tí òǹkọ̀wé kàn jù sójú ọ̀nà?

Ìwé tó dáhùn ìbéèrè yẹn dáadáa jù lójú mi ni Get a Life, Chloe Brown, tí Talia Hibbert gbé jáde ní 2019. Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ ìkànnì ayélujára ni Chloe ń ṣe, ó sì ní fibromyalgia, àìsàn tó ń fi ìrora àti àárẹ̀ bá èèyàn gbé. Lọ́jọ́ kan, díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ gbá a, ló bá kọ àwọn ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ kó lè sọ pé òun náà wá sáyé: kó kúrò nílé àwọn òbí rẹ̀, kó gun alùpùpù, kó lọ sùn nínú àgọ́. Red Morgan, ayàwòrán tó ń bójú tó ilé tí Chloe kó lọ, ní alùpùpù. Wọ́n ṣe àdéhùn pé Chloe á ṣe ìkànnì fún un kó lè máa ta àwòrán rẹ̀, òun náà á sì fi alùpùpù gbé e.

Ẹ wá wo ohun tó yà wọ́n. Nígbà tí àìsàn dé, àfẹ́sọ́nà Chloe àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi í sílẹ̀, nítorí náà ó ti kọ́ bí a ṣe ń lé èèyàn kí wọ́n tó sá. Red ní tirẹ̀ ti fẹ́ obìnrin olówó kan rí, ẹni tó ń fìyà jẹ ẹ́, tó sì jẹ́ kó máa rò pé láìsí obìnrin náà, iṣẹ́ ọwọ́ òun kò lè níyì. Kò sí gbólóhùn kan tó lè tú irú ìdè bẹ́ẹ̀ ká. Àfi kí wọ́n fara balẹ̀ tú u.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ibi tí Chloe ti gun igi láti gba ológbò kan sílẹ̀. Ó gorí igi tán, kò mọ bó ṣe máa sọ̀ kalẹ̀, ni Red bá gùn ún bá a. Òǹkọ̀wé mìíràn á parí rẹ̀ síbi ẹ̀rín. Hibbert kò gbàgbé pé ara tó ń roni tẹ́lẹ̀ ló gun igi yẹn. Chloe jìyà rẹ̀, Red sì ń wò, ó ń kọ́ ìgbà tó yẹ kó ranni lọ́wọ́ àti ìgbà tó yẹ kó jẹ́ kéèyàn ṣe é fúnra rẹ̀. Títí ìwé fi parí, àìsàn náà kò lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé fún ìyẹn, torí ìwé tí ìfẹ́ ti ń wo àìsàn tí kò gbóògùn máa ń já àwọn tó ń ṣàìsàn gidi kulẹ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé ìjà tó wáyé nígbà tí ìtàn ń lọ sópin yá jù. Ọgbẹ́ àtijọ́ ni Red ń fi ìbínú rẹ̀ dá lóhùn, ìyẹn yé mi, ṣùgbọ́n mo ṣì fẹ́ kí wọ́n pẹ́ díẹ̀ sí i nínú ìbànújẹ́ náà kí wọ́n tó parí rẹ̀.

The Hating Game tí Sally Thorne kọ ní 2016 náà yege lójú mi. Lucy àti Joshua jọ ń jókòó kojú ara wọn ní ọ́fíìsì, wọ́n jọ ń du ipò kan. Lucy ní òun kórìíra ọkùnrin náà, síbẹ̀ ó mọ bí àwọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe ń tẹ̀ léra láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ta ló ń ṣọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ẹni tí kò kàn án? Ọ̀pọ̀ ìwé ọ̀tá-di-olólùfẹ́ tó dé lẹ́yìn rẹ̀, èébú nìkan ni wọ́n mú níbẹ̀, wọn ò mú àkíyèsí yẹn.

Ẹ má sì jẹ́ kí àwòrán ẹ̀yìn ìwé tàn yín. Wọ́n ń ya á báyìí bí ìwé ọmọdé, àwọ̀ rẹ̀ á máa dán, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iyàrá pọ̀ nínú Chloe, Hibbert kò sì fi bò. Àgbà ló ni ín. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti rẹ̀ lè gbọ́ ọ lẹ́nu òṣèré Adjoa Andoh, òun ló ka èyí tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn àbúrò Chloe náà ní ìwé tiwọn: ti Dani jáde ní 2020, ti Eve ní 2021. Ti Eve ló tẹ̀ lé ti Chloe lọ́kàn mi. Òun ni kí ẹ kà tẹ̀ lé e bí àyè ìwé kan péré bá ṣẹ́ kù fún yín.