CBT ti NMC: Ẹ̀ẹ̀mejì Ni Mo Ṣe É Láti Àkúrẹ́

Ọdún kẹjọ rè é tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Àkúrẹ́, wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣe CBT, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí NMC, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí sílẹ̀ ní UK, ń ṣe fún àwa tí a kẹ́kọ̀ọ́ níbòmíràn. Lẹ́ẹ̀kíní, mo yege nínú apá kejì, apá kìíní gbé mi ṣubú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mo padà lọ, mo sì yege. Àwọn àbúrò tí a jọ ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wa kì í jẹ́ kí ìbéèrè sinmi, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ kò ju ọ̀kan lọ: ìdánwò náà kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, àwọn tó ń ta "ìbéèrè tó máa jáde" ló ń rẹ́ wa jẹ.

Bó ṣe rí rè é. Apá A jẹ́ ìṣirò oògùn, ìbéèrè 15 ní ìṣẹ́jú 30, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa tẹ ìdáhùn. Kò sí A, B, C, D téèyàn á mú níbẹ̀. Apá B jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtọ́jú aláìsàn, ìbéèrè 100 ní wákàtí méjì ààbọ̀, ìyẹn lẹ máa mú ìdáhùn. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2021 ló ti rí báyìí. £83 ni wọ́n ń gbà fún méjèèjì. Bó bá jẹ́ apá kan lẹ kùnà, apá yẹn nìkan lẹ máa tún ṣe, £50. Èmi san £133 lápapọ̀. Káàdì náírà mi kọ̀ jálẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó wà ní Manchester ló bá mi san án, mo sì ń dá a padà díẹ̀díẹ̀.

Kí n tó lọ lẹ́ẹ̀kíní, mo ti san ₦45,000 fún ilé lẹ́sìn kan, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn fún ìdánwò, nígboro níbí. N kò ní dárúkọ wọn. Lọ́jọ́ tí mo sanwó ni wọ́n fi fáìlì kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ìbéèrè tó lé ní ẹgbẹ̀ta pẹ̀lú ìdáhùn. Olùkọ́ ní ká há a sórí, ó ní bí a ṣe máa bá a níbẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Mo há a. Lóru, lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì, torí pé iná kò sí ní àdúgbò wa ní Òkè-Ìjẹ̀bú lọ́sẹ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè àtijọ́, ti ìgbà tí wọn kò tíì ya ìṣirò sọ́tọ̀. Ìyẹn ṣì kéré. Èyí tó dùn mí ni pé àwọn ìdáhùn kan kò tọ̀nà rárá.

Ẹ gbọ́ ọ̀kan. Bàbá kan tí orí rẹ̀ pé ní òun kò ṣe iṣẹ́ abẹ, kí ni nọ́ọ̀sì máa ṣe? Fáìlì ní kó ránṣẹ́ pe ẹbí wá bá a sọ̀rọ̀. Bí àwa ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn lóòótọ́. Bí bàbá bá kọ̀, a ó pe àkọ́bí rẹ̀, àkọ́bí á pe àbúrò bàbá láti Ìdànrè, kó tó di ìrọ̀lẹ́, èèyàn mẹ́fà á ti yí bẹ́ẹ̀dì ká, bàbá á sì gbà. Ojú mi ló ṣe tó ti gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ní England àti Wales, òfin wọn tí wọ́n ń pè ní Mental Capacity Act, ti ọdún 2005, ní kí wọ́n ka àgbàlagbà sí ẹni tó lè pinnu fún ara rẹ̀ títí ẹ̀rí fi máa hàn pé kò lè ṣe é, kódà bí ìpinnu náà kò bá bọ́gbọ́n mu lójú wa. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni kó rí i pé ọ̀rọ̀ náà yé bàbá, kó sọ fún dókítà, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá há ìdáhùn fáìlì yẹn sórí á pàdánù máàkì, á sì tún gbé àṣìṣe náà wọ wọ́ọ̀dù wọn lọ́hùn-ún.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ní Apá B, ọ̀fẹ́ ni. Ìwé ìlànà iṣẹ́ tí NMC pè ní The Code wà lórí ìkànnì wọn, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín in sí: fífi aláìsàn ṣáájú, ṣíṣe iṣẹ́ bí iṣẹ́, dídáàbò bo èèyàn, àti pípa iyì iṣẹ́ mọ́. Mo lọ tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé lẹ́bàá FUTA, inú àpò iṣẹ́ mi ló ń gbé. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n dénú, ọ̀pọ̀ ìbéèrè á máa dáhùn ara rẹ̀.

Èkó ni mo ti rí àyè. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni mo wọ mọ́tò, a gba Oǹdó àti Ọrẹ̀, mo sùn lọ́dọ̀ àǹtí mi ní Òjọ́tà. Pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè, orúkọ inú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá èyí tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ èyí wò nílé. Obìnrin tó wà níwájú mi lórí ìlà, orúkọ àárín rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n títí wọ́n fi yanjú rẹ̀. Fóònù wọ àpótí, wọ́n ní kí n yọ inú àpò aṣọ síta, wọ́n yẹ gíláàsì ojú mi wò. Kò sẹ́ni tó jágbe mọ́ mi, kò sì sẹ́ni tó béèrè kọ́bọ̀.

Mo buwọ́ lù ú pé n kò ní tú ìbéèrè síta, n kò sì ní tú u. Àpẹẹrẹ tèmi ni kí ẹ gbà. Omi lítà kan tí a fẹ́ fà sí aláìsàn lára ní wákàtí 8, sẹ́ẹ̀tì, ìyẹn rọ́bà tí omi ń gbà kọjá, ń kán ẹ̀kán 20 sí mílílítà kan: ẹ̀kán mélòó ni yóò máa kán ní ìṣẹ́jú kan? 1,000 lọ́nà 20 jẹ́ 20,000. Wákàtí 8 jẹ́ ìṣẹ́jú 480. Ẹ pín in, 41.67, ìyẹn 42. Ta ni kò mọ̀ ọ́n láàárín wa? Ṣùgbọ́n ní wọ́ọ̀dù, ojú ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Màá yí róólà, kiní ara rọ́bà tó ń mú kí omi yára tàbí kó falẹ̀, màá wo bó ṣe ń kán, ọwọ́ mi á dúró níbi tó bá ti mọ́ ọn lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti microgram àti milligram: ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ni mo ń tẹ̀ lé, ó ti pẹ́ tí mo ti yí ọ̀kan padà sí èkejì lórí ìwé. Mo parí Apá A ní ìṣẹ́jú 17, inú mi dùn. Kò tíì pé ọjọ́ méjì tí ímeèlì fi dé: A, kùnà; B, yege. Orí àga níbi tí a ti ń po oògùn ni mo jókòó sí, mo sunkún.

Lẹ́yìn náà ni mo ra ìwé àjákọ. Ìṣirò mẹ́wàá kí n tó sùn, màá kọ ìwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo òǹkà, màá sì tún un ṣe láti ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní iṣẹ́ òru, mo gbé aago ọwọ́ mi lọ sí bẹ́ẹ̀dì kẹrin. Mo yí róólà bí mo ṣe máa ń yí i, mo wá kà á: ẹ̀kán 9 ní ìṣẹ́jú àáyá 15. Ìyẹn 36 ní ìṣẹ́jú kan, 42 ló sì yẹ kó jẹ́. Omi tó yẹ kó tán ní wákàtí mẹ́jọ, wákàtí mẹ́sàn-án lé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni yóò gbà. Ọdún mélòó ni ojú mi ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn èèyàn? Mo yí i sí 42, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kúrò níbẹ̀. Láti alẹ́ yẹn, aago ni mo ń lò. Bí n kò bá tilẹ̀ rìnrìn àjò mọ́, mo gbà pé £133 yẹn kò ṣòfò.

Ẹ̀yin tó ń wá ẹni tó máa bá yín ṣe é, ẹ rántí ọdún 2023. NMC kéde pé ohun tí wọ́n rí nínú èsì ilé ìdánwò kan ní Ìbàdàn kò jọ ti ibòmíràn, àwọn kan ti parí ní àkókò tó kúrú jù. Wọ́n ní kí àwọn tó ṣe é níbẹ̀ wá tún un ṣe, títí kan ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní UK. Ẹni tó fi orí ara rẹ̀ ṣe é náà wà nínú wọn, òun náà jìyà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi sí fáìlì tí wọ́n ń tà kiri.

Ẹ má sì gbàgbé pé CBT nìkan kọ́ ló wà nílẹ̀. Ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, bíi IELTS: 7 nínú kíkà, gbígbọ́ àti sísọ, 6.5 nínú kíkọ. Ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì tiwa ní Nàìjíríà náà gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí ìwé yín. Oṣù kejì ọdún 2024 ni wọ́n kéde pé ẹni tí kò bá tíì lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ kò ní rí ìjẹ́rìí náà gbà, tí àwọn nọ́ọ̀sì fi jáde ṣe ìwọ́de l'Ábùjá àti l'Ékòó. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ èyí.

Bí ẹ bá ní kí n fún CBT ní ìràwọ̀, mẹ́rin nínú márùn-ún. Ọ̀nà Èkó lẹ́ẹ̀mejì ló gba ìkan tó kù. Ilé lẹ́sìn yẹn, n kò fún un ní nǹkan kan.

OSCE ló kù fún mi báyìí, ìdánwò ọwọ́ tí wọ́n pín sí ìpele mẹ́wàá, tí wọ́n á máa wo bí èèyàn ṣe ń tọ́jú aláìsàn. UK nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é, ní àwọn ibi bíi Northampton àti Oxford, £794 sì ni. Ilé ìwòsàn tó gbà mí ti ní àwọn máa san án. Mo ti tẹ ìwé NEWS2 jáde, èyí tí wọ́n fi ń ka èémí, ìfúnpá àti ìgbóná ara kí wọ́n lè tètè mọ aláìsàn tó ń burú sí i. Bí mo bá ti délé ní ìrọ̀lẹ́, ìyá mi á dùbúlẹ̀ bí aláìsàn sórí àga gígùn ní pálọ̀, màá kí wọn, màá sọ orúkọ mi, màá béèrè tiwọn àti ọjọ́ ìbí wọn, màá tọrọ àyè kí n tó fọwọ́ kàn wọ́n. Lánàá, wọ́n ní àwọn kò fún mi láyè. Mo dúró, mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀.