Sátidé Mẹ́fà Lọ́dọ̀ Kóòṣì Ìjàkadì ní Ògbómọ̀ṣọ́: Owó Mi Ò Wọgbó, Àmọ́...

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, ti ń kọ́ jiu-jitsu bọ̀ láti ọdún méjì, ìyẹn ìjà tí wọ́n ti ń borí èèyàn nílẹ̀, bíi kí wọ́n fún un lọ́rùn. Tí wọ́n bá ti wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bá a ṣeré; ọrùn ló máa ń wá. Wàhálà tiẹ̀ ni kí wọ́n tó délẹ̀. Níbi ìdíje kan, ọmọ Ọ̀fà kan tó ń ja ìjàkadì nílé ìwé ni wọ́n fi kò ó lójú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá a, máàkì méjì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 6 sí òdo. A ṣáà ti ń gbọ́ ọ nínú oríkì pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Mi ò mọ̀ pé ọmọ tèmi ni wọ́n máa fi ṣorò náà lọ́jọ́ yẹn.

Oníbàárà mi kan ló júwe kóòṣì yìí. Ìjàkadì ló ń kọ́ àwọn èèyàn, àmọ́ láàárọ̀ Sátidé ó máa ń gba àwọn ọmọ tó ń ja irú ìjà mìíràn, nínú gbọ̀ngàn kan tí kò jìnnà sí Tákìé. ₦18,000 fún Sátidé mẹ́fà. Télọ̀ ni mí, mo mọ iye yúnífọ́ọ̀mù tí mo máa rán kí owó yẹn tó pé.

Mo rò pé ọjọ́ àkọ́kọ́ ni yóò ti máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dá èèyàn. Ó kọjú sí mi: “Mọ̀mí, ẹ má bínú, oníjàkadì kọ́ ni mo fẹ́ sọ ọ́ dà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kéré. Ẹni tó ti ń jà á láti kékeré ṣì máa dá a nígbà míì. Ohun tí mo fẹ́ ni kó rẹ onítọ̀hún kó tó dá a.” Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe gbájúẹ̀.

Sátidé méjì àkọ́kọ́, ẹyọ ohun kan ni wọ́n ṣe: bí ẹnìkan bá bẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ, ju ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, kí ìbàdí rẹ já bọ́, kí ìwúwo rẹ lè wà lórí rẹ̀. Orúnkún ni ọmọ mi ń fi balẹ̀. Kóòṣì pariwo mọ́ ọn: “Ìyá rẹ ló ń kúnlẹ̀ kí èèyàn. Ìwọ, dọ̀bálẹ̀!” Ó wá gbé píọ̀ wọ́tà kan síbi tó yẹ kí ìbàdí rẹ̀ bọ́ sí, ó ní bí kò bá bẹ́, kò tíì dọ̀bálẹ̀. Ọmọ mi ṣubú títí, ọ̀rá náà kàn ń yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àfi ní Sátidé kẹta, pàá! Omi ta dé orí bẹ́ǹṣì tí mo jókòó sí. Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni mò ń ra píọ̀ wọ́tà wọn. Kò sí nínú ₦18,000.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn náà wọ̀ mí lára. Nínú ìjàkadì, bí èjìká méjèèjì bá ti kanlẹ̀, ìjà parí, torí náà oníjàkadì tó bá fẹ́ ṣubú á tètè dojú bolẹ̀. Ó ti mọ́ wọn lára. Nínú jiu-jitsu, ẹni tó bá dojú bolẹ̀ ti gbé ẹ̀yìn fún ọ: bí o bá gùn ún tí o fi ẹsẹ̀ méjèèjì há a, máàkì 4 ni, ọrùn sì tún wà ńbẹ̀. Kóòṣì mọ ìgbà tí wọ́n máa ń yí, nítorí òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ tiẹ̀ láti yí. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń fún èèyàn lọ́rùn, ó ní ìyẹn ò sí lọ́wọ́ òun, kí olùkọ́ jiu-jitsu rẹ̀ parí ẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹni tó mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ pin sí.

Ó tún ní bí wọ́n bá gbé e sókè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì há mọ́ wọn lára, kó tètè tú u. Lóòótọ́, òfin jiu-jitsu ò gbà kí wọ́n là á mọ́lẹ̀, wọ́n á lé ẹni tó bá dán an wò. Ṣùgbọ́n eegun ọrùn ò mọ òfin.

Àbùkù wà o. Aago mẹ́jọ wọn, aago mẹ́sàn-án ni. Kò sí ọmọ tó ṣe wẹ́kú tèmi: kílò 48 ni, akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó tó kílò 65 ni wọ́n ń so mọ́ ọn, títí mo fi dìde lọ́jọ́ kan pé ó tó. Èyí tó dùn mí jù ni làpálàpá. Gbogbo èèyàn ló ń làágùn sórí tapólì tí wọ́n tẹ́ bo fóòmù, mi ò sì rí kí wọ́n nù ún lẹ́ẹ̀kan. Ní Sátidé kẹrin, òrùka pupa kan ti yọ sí ọmọ mi lọ́rùn. Oníkẹ́míìsì fún un ní ìpara, ó ní kó má tíì bá ẹnikẹ́ni fara kanra. Sátidé kan lọ bẹ́ẹ̀, wọn ò dá owó padà. Ìgbà tí mo pariwo ni wọ́n tó ra Jik. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Làpálàpá ló jẹ ẹyọ kan.

Lóṣù tó kọjá a lọ Ìbàdàn, oníjàkadì mìíràn ló tún bá pàdé. Ó dá ọmọ mi lẹ́ẹ̀kan, 2 sí òdo. Nígbà tó tún bẹ́ wá, ohùn ara mi ni mo gbọ́ láàárín èrò: “Dọ̀bálẹ̀!” Ó dọ̀bálẹ̀. Ọmọ yẹn dojú bolẹ̀, tèmi yí sẹ́yìn rẹ̀, ó gùn ún. 4 sí 2 ni wọ́n parí ẹ̀ sí, kò tiẹ̀ rí ọrùn ọ̀hún fún.

Mo ti san ₦9,000 fún Sátidé mẹ́ta sí i. Ojoojúmọ́ ló ń bi mí bóyá ọmọ Ọ̀fà yẹn máa wá sí ìdíje tó ń bọ̀.